Sálẹ́ńsà Tuntun Lára Alùpùpù Àtijọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Dè É Láìṣẹ́ Sítọ́ọ̀dù

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí léraléra: "Mo ti rí sálẹ́ńsà mìíràn tí mo fẹ́, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù mi. Báwo ni mo ṣe máa dè é?" Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni: kí wọ́n tú ti àtijọ́, kí wọ́n de tuntun, ó parí. Lára alùpùpù tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ṣùgbọ́n lára èyí tó ti lo ogún ọdún, títú ni iṣẹ́, dídè kò le rárá. Ibi títú ni màá ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni owó àti omijé wà.

Kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Páìpù iwájú ni mo ń pe èyí tó jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnì tó sì tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àgbá ni mo ń pe èyí tó tóbi lẹ́yìn, tó ń pa ariwo. Àpapọ̀ méjèèjì ni sálẹ́ńsà. Sítọ́ọ̀dù ni irin olókùn (okùn ni ìlà tó yí irin po tí nọ́ọ̀tì ń gbà yí wọlé) tó yọ jáde lára orí ẹ́ńjìnì, tí nọ́ọ̀tì páìpù iwájú ń wọ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ pinnu bóyá gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀ ni àbí àgbá nìkan. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí páìpù iwájú kò bá tíì lu, tí ẹnu rẹ̀ kò sì jò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àgbá nìkan. Ìyàtọ̀ inú ohùn ẹ́ńjìnì, àgbá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan sítọ́ọ̀dù kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

- Ìbú páìpù. Ẹ fi fáníà (irin ìwọ̀n tó ń wọn ìbú nǹkan) wọn ìta páìpù níbi tí àgbá ti máa wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn inú ẹnu àgbá. Bí páìpù bá jẹ́ 38 mm, tí ẹnu àgbá jẹ́ 38.5 mm, ó dára. Bí ẹnu àgbá bá jẹ́ 41 mm, ẹ nílò òrùka irin tí wọ́n gé ní ìwọ̀n tó máa dí àlàfo yẹn. Ẹ má fi páànù agolo dí i, iná máa jẹ ẹ́ tán.
- Ibi tí ọwọ́ ìdè àgbá wà, àti ibi tí ihò bóòtì wà lára alùpùpù.
- Ọ̀nà tó máa gbà kọjá: pẹ́dà bíréèkì, sítáńdì àárín, ẹsẹ̀ èrò ẹ̀yìn, ṣéènì, àti bóòtì tí ẹ fi ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nù. Mo ti rí sálẹ́ńsà tó ṣe rèǹtè, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ọ́ìlì.
- Àmì òfin. Ní Yúróòpù, àgbá tó bófin mu máa ń ní lẹ́tà E nínú òbìrípo pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: E1 ni Jámánì, E3 ni Ítálì. Ní Amẹ́ríkà, alùpùpù ojú pópó tí wọ́n ṣe láti 1986 kò gbọ́dọ̀ pariwo ju 80 dB lọ nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Àgbá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti pápá ìdíje ni, kì í ṣe ti ojú pópó, bó ti wù kó rọrùn láti dè tó.
- Irú ẹ́ńjìnì. Bí alùpùpù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹ ka apá tirẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó bá nọ́ọ̀tì yín mu gẹ́lẹ́
- Ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà (WD-40 ṣe é lò, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún nọ́ọ̀tì tó ti gan sàn jù ú lọ)
- Búrọ́ọ̀ṣì onírin, tọ́ọ̀ṣì, àti ìkọ́ kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú
- Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun (òrùka tó ń dí ìsopọ̀ kí èéfín má jò) fún ẹnu ẹ́ńjìnì, ẹyọ kan fún ihò kọ̀ọ̀kan
- Nọ́ọ̀tì tuntun, kílípù tuntun, rọ́bà ìdè tuntun
- Gíríìsì tó ní bàbà nínú, èyí tó ń fara da iná
- Sípánà tó ń wọn agbára, bí ẹ bá lè yá a

Títú ti àtijọ́

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà kúrò lára okùn sítọ́ọ̀dù tó yọ síta nọ́ọ̀tì, torí òun gan-an ni nọ́ọ̀tì máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ fọ́n ọ́ìlì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárín ìgbà náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì títí ó fi gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó tún fọ́n ọ́ìlì. Bí irin ṣe ń tutù ló ń fa ọ́ìlì wọlé. Ẹ má fọ́n ọn sí páìpù tó ṣì ń jóni, ó lè gbiná.

2. Ẹ ti ẹnu epo pa. Ẹ tú kílípù àti bóòtì àgbá títí wọ́n á fi dẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ wọ́n. Bí ẹ bá yọ bóòtì ẹ̀yìn kọ́kọ́, gbogbo ìwúwo sálẹ́ńsà máa fà lórí sítọ́ọ̀dù tí ẹ ń gbìyànjú láti dáàbò bò.

3. Ó kan nọ́ọ̀tì iwájú. Ẹ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé dé ìdí. Ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ bíńtín, bí ẹni fẹ́ dè é sí i, kí ìpẹtà lè já. Ẹ wá tú u. Tó bá ti yí díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ fọ́n ọ́ìlì, ẹ tún tú u. Iwájú díẹ̀, ẹ̀yìn díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ fetí sílẹ̀ sí ohun tí ọwọ́ yín ń sọ. Nọ́ọ̀tì tó bá dún "kíì" tó sì ṣì le ti ń tú. Èyí tó bá ń fà bí rọ́bà, tó rọ̀ láìdún, kò tú rárá: sítọ́ọ̀dù ló ń lọ́. Ẹ dúró níbẹ̀.

Mo mọ èyí nítorí pé èmi kò dúró. Lára alùpùpù mi àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì kejì le, mo bá ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà kí agbára mi lè pọ̀ sí i. Ó fà díẹ̀, inú mi dùn. Ó kàn rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń yí wẹ́rẹ́ bí ohun tí kò di nǹkan kan mú, nọ́ọ̀tì sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì sítọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sójú, etí ibi tó ti ṣẹ́ pọ́n pẹ̀lú ìpẹtà, àárín rẹ̀ nìkan ló ń dán bí fàdákà. Ó ti jẹ dé ìdajì kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù gígùn yẹn ló parí iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi nǹkan kan kún ọwọ́ sípánà tí mo bá wà lára orí ẹ́ńjìnì.

4. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀nà méjì ló kù. Èkíní ni iná. Ẹ yọ táǹkì epo àti kábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn) kúrò, ẹ gbé wọn jìnnà, ẹ nu gbogbo ọ́ìlì tí ẹ ti fọ́n, ẹ gbé apaná sí tòsí, kí ẹ tó fi iná gáàsì sí ara nọ́ọ̀tì, kì í ṣe ara sítọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀tì máa gbòòrò díẹ̀, ẹ wá tú u nígbà tó ṣì gbóná. Èkejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni kí ẹ fi nọ́ọ̀tì náà rúbọ. Ẹ fi ayùn irin gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti òkè dé ìdí, ẹ má jẹ́ kó kan okùn sítọ́ọ̀dù, ẹ sì fi sísẹ̀lì là á. Nọ́ọ̀tì kò wọ́n. Orí ẹ́ńjìnì wọ́n.

5. Ẹ fa páìpù iwájú jáde láìlọ́ ọ. Bí ó bá ní òrùka tó pín sí méjì lẹ́nu, ẹ ṣọ́ra kí ìdajì rẹ̀ má bọ́ sọnù.

6. Ẹ yọ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Ẹ máa rí ohun kan yípo inú rẹ̀, ó dúdú, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ máa rò pé ara orí ẹ́ńjìnì ni. Ẹ fi ṣóńṣó ìkọ́ ha á. Bí pupa bàbà bá yọ lábẹ́ èédú, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà mìíràn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, torí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn kò mọ̀ pé òmíràn ti wà nínú ihò. Ẹ ki ìkọ́ sí etí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú, ẹ fà á jáde. Ẹ má ha ògiri ihò, alumíníọ̀mù rọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì alùpùpù tó ti pẹ́ gan-an lè ní asbestos (èròjà olówùú tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) nínú, nítorí náà, bí ó bá ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú, ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ má sì fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù.

Bí sítọ́ọ̀dù bá ṣẹ́ ńkọ́?

Kì í ṣe òpin alùpùpù. Bí ó bá ṣì yọ síta, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lórí. Ooru yẹn fúnra rẹ̀ máa ń já ìpẹtà inú, tí gbogbo rẹ̀ á sì yí jáde. Ẹ yọ okùn bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí iná wẹ́dà má ba àpótí iná alùpùpù jẹ́. Bí ó bá ti ṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ara orí ẹ́ńjìnì, wọ́n gbọ́dọ̀ lu ú ní àárín gẹ́lẹ́ kí wọ́n sì fi Helicoil (wáyà líle tí wọ́n ká, tó ń di okùn tuntun nínú ihò) tún okùn ihò ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlu-irin tó dúró ṣinṣin. Irin tí wọ́n ń kì bọ sítọ́ọ̀dù láti yí i jáde máa ń ṣẹ́ sínú rẹ̀, ó sì le débi pé ohun tí a fi ń lu irin kò ràn án.

Dídè tuntun

Òfin kan ló wà: ohun gbogbo gbọ́dọ̀ dẹ̀ títí ohun gbogbo á fi jókòó sáyè rẹ̀.

1. Ẹ fọ okùn sítọ́ọ̀dù mọ́, ẹ fi gíríìsì bàbà ra á díẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ tú u lọ́dún mẹ́wàá sí i máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

2. Ẹ fi gíríìsì bíńtín sí ẹ̀yìn gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kó lè lẹ̀ mọ́ inú ihò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ó máa bọ́ nígbà tí ẹ bá ń gbé páìpù, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ má tún gásíkẹ́ẹ̀tì lò: fífún ló ń jẹ́ kó dí, ó sì ti fún tán nígbà àkọ́kọ́.

3. Ẹ rí i pé òrùka ìdè (irin tí sítọ́ọ̀dù ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí nọ́ọ̀tì ń fún mọ́ páìpù) ti wà lọ́rùn páìpù iwájú, kí ẹ tó ki páìpù sínú ihò. Ẹ fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì.

4. Ẹ fi kílípù sọ́rùn àgbá kí ẹ tó ki páìpù bọ̀ ọ́. Ẹ fi àtè sálẹ́ńsà díẹ̀ sí ìta páìpù, ẹ máa yí àgbá bí ẹ ṣe ń tì í wọlé.

5. Ẹ gbé ọwọ́ ìdè àgbá kọ́ pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ àti òrùka irin kékeré tó wà láàárín rọ́bà náà. Òrùka yẹn ni kì í jẹ́ kí bóòtì fún rọ́bà pa. Ẹ tún fi ìka yí i.

6. Ẹ dúró, ẹ wò ó. Ṣé ihò ọwọ́ ìdè àti ihò ara alùpùpù dojú kọra láìsí pé ẹ ń fà á? Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi orúnkún tì í kí bóòtì tó wọlé, ẹ má dè é. Ẹ fi wásà tàbí òrùka dí àlàfo náà, tàbí kí ẹ ṣe ọwọ́ ìdè mìíràn. Sálẹ́ńsà tí wọ́n fi agbára dè máa ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnì nígbà tó ti le gbagidi, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló sì máa kọ́kọ́ là, tàbí kí sítọ́ọ̀dù tu.

7. Ó wá kan fífún. Iwájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, kí àlàfo òtún àti òsì òrùka ìdè máa dọ́gba. Kílípù ló tẹ̀ lé e. Bóòtì ẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì M6 (tí ìbú okùn rẹ̀ jẹ́ 6 mm) kò sábà kọjá 10 Nm (iye tí sípánà tó ń wọn agbára ń kà), M8 sì máa ń wà ní nǹkan bí 20 Nm, ṣùgbọ́n iye tó wà nínú ìwé alùpùpù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí gíríìsì bá wà lójú okùn, ẹ má fún un dé òpin iye yẹn.

8. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wúwo jókòó sórí àga, kó máa tẹ ṣọ́ọ̀kì sísàlẹ̀. Ẹ wo bí táyà, ṣéènì àti apá táyà ẹ̀yìn ṣe sún mọ́ àgbá tó. Ẹ tẹ pẹ́dà bíréèkì dé ìsàlẹ̀. Okùn bíréèkì àti wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ páìpù.

9. Ẹ fi aṣọ mímọ́ àti sípíríìtì nu gbogbo sálẹ́ńsà. Ọ́ìlì ìka tó bá kù lára rẹ̀ máa jó wọ irin nígbà àkọ́kọ́ tó bá gbóná, àmì ìka náà kò sì ní kúrò mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án. Èéfín ẹ́ńjìnì ní carbon monoxide nínú, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tàbí gáréèjì tó pa dé. Ìwọ̀nba èéfín lára páìpù tuntun kò burú, òróró tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ló ń jó.

Bí ẹ bá gbọ́ "ta-ta-ta" lẹ́nu ẹ́ńjìnì, ó ń jò. Ẹ fi ọwọ́ súnmọ́ ìsopọ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹ máa mọ ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń yọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èédú dúdú níbi ìsopọ̀ máa ń fi ojú ibi tó ń jò hàn kedere. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí 100 km, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń joko sí i lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù.

Kábúrétọ̀ ńkọ́?

Bí èéfín bá ń jáde fàlàlà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, atẹ́gùn tó ń wọlé máa pọ̀ sí i, epo lè má tó o. Ẹ́ńjìnì á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè máa dún "pọ̀, pọ̀" nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ ọwọ́ iná. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ibi tó ń jò, torí jíjò ń fa ohùn kan náà. Ẹ wá yọ púlọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn ìrìn gidi:

- Funfun: epo kò tó. Ẹ má máa sáré títí ẹ ó fi tún un ṣe, písítọ́ọ̀nù lè yọ́.
- Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́: ó dára, ẹ má fọwọ́ kàn án.
- Dúdú bí èédú, gbígbẹ: epo ti pọ̀ jù.

Bí epo kò bá tó, ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì ńlá (ojú ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) sókè ní ìpele kan, ẹ tún wò ó. Lára kábúrétọ̀ Mikuni, ó lè jẹ́ láti 100 sí 102.5. Ẹ má mú jẹ́ẹ̀tì Keihin, tí í ṣe ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, sínú Mikuni nítorí pé nọ́ńbà wọn jọra, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wọn wọ́n kò dọ́gba. Àárín ìrìn ni abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ń ṣàkóso: bí ẹ bá sọ kílípù orí rẹ̀ kalẹ̀ sí ihò tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa yí. Bí àgbá nìkan lẹ bá pààrọ̀, tó sì ní ohun tó ń pa ariwo nínú, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò èyíkéyìí nínú wọ̀nyí.

Fún ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀

Sálẹ́ńsà rẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ikùn tó wú láàárín páìpù náà ń dá ìgbì èéfín padà sẹ́nu ihò kí epo tútù má baà bá a jáde. Bí ẹ bá fi páìpù gbọọrọ kan dípò rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì máa lọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún irú alùpùpù yẹn gan-an ni kí ẹ rà. Sípíríǹgì ló sábà máa ń di ìsopọ̀ rẹ̀ mú, kì í ṣe bóòtì. Ẹ fi ìkọ́ fà á, ẹ wọ gíláàsì ojú, ó máa ń fò.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Yíyọ ohun tó ń pa ariwo nínú àgbá lọ́jọ́ kìíní. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún pẹ̀lú rẹ̀.
- Dídí ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àgbá. Omi ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá dí i, àgbá máa dógùn-ún láti inú.
- Wíwé aṣọ ìdènà ooru mọ́ páìpù iwájú tí irin rẹ̀ kì í ṣe èyí tí kì í dógùn-ún. Aṣọ náà ń mu òjò, ó sì ń pa á mọ́ sára irin.
- Yíyọ rọ́bà ìdè kúrò nítorí pé "ó ń mì."

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà tó rọrùn jù

Bí ariwo nìkan ni ìṣòro yín, àgbá tó ṣeé tú lè ti jó òwú gíláàsì inú rẹ̀ tán ni. Ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ wé òwú tuntun mọ́ páìpù oníhò inú, ẹ dè é padà. Bí ó bá lu níbì kan ṣoṣo tí irin tó yí i ká ṣì nípọn, wẹ́dà lè lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó sì ń wọlé bíi páálí, lílẹ̀ kò lè dá a dúró.

Ti àtijọ́ tí ẹ tú ńkọ́? Ẹ má jù ú sọ́dọ̀ onírin. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ gbé e sóòrùn títí á fi gbẹ, ẹ fọ́n ọ́ìlì sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ dí ẹnu méjèèjì, kí ẹ sì so kílípù àti òrùka rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù náà lọ́la máa kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀, ẹni tó ń yẹ ariwo wò sì lè ní kí ẹ dá a padà.